Dùùrù Bàbá Mi Nínú Kọ̀ǹpútà

Ọdún tí ọ̀rọ̀ gbẹ lẹ́nu bàbá mi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣẹ̀dá ohùn dùùrù. Mo fẹ́ kí ó gbọ́ ohùn kan tí ó mọ̀ kí ó tó kú. Ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n títí di òní n kò mọ ohun tí ó gbọ́.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni ó ń gbìn sí ẹ̀yìn Igbódìgò, ìlú wa, gẹ́gẹ́ bí baba tirẹ̀ ti ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ìjọ wa, wọn kò ní pè é ní àgbẹ̀. Atẹdùùrù ni wọn yóò pè é. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí ó fi jókòó sí ìdí dùùrù ìjọ aláṣọ funfun wa. Dùùrù àtijọ́ ni, irú èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀, kí ìka tó lè mú ohùn jáde. Kò lo iná, kò lo bátìrì. Ìyẹn sì dára fún wa, nítorí pé lápá ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ọdún ni wáyà iná ọba fi wà lórí òpó láìsí iná nínú rẹ̀, tí àwọn ẹyẹ nìkan ń lò ó.

Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn dùùrù náà. Ṣùgbọ́n obìnrin kì í kọjá ààlà tó wà níwájú pẹpẹ, inú ààlà yẹn sì ni dùùrù wà. Mo bá bàbá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá.

"Bàbá, ẹ kọ́ mi ní dùùrù."

"Èmi kọ́ ni mo ṣòfin," ni ó dáhùn. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. "Jókòó síbi tí wàá ti máa gbọ́."

Mo jókòó síbi tí mo ti ń gbọ́, ní ìpẹ̀kun ìjókòó àwọn obìnrin, lẹ́bàá ògiri. Láti ibẹ̀, n kò lè rí ọwọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí lábẹ́ aṣọ funfun, láìsí bàtà, tí ó ń lọ sókè sódò. Àdá ti gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lóko nígbà èwe, ọrùn ẹsẹ̀ náà kì í tẹ̀ dáadáa, nítorí náà ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń ṣe ìdá tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. N kò ka èyí sí nǹkan kan nígbà yẹn.

Ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú un, oko ló wà. Ìyá mi ló lọ bá a láàárín ẹ̀gẹ́, tí ó dojú bolẹ̀, tí apá kan ara rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Wọ́n gbé e sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà dé Òkìtìpupa. Àwọn dókítà ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe. Nígbà tí ó padà délé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó ti ń sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i sì ti lọ, àyàfi ẹyọ kan ṣoṣo: "Ó tó."

Bí ìyá mi bá gbé pupuru àti ọbẹ̀ ẹja síwájú rẹ̀, "Ó tó." Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, "Ó tó." Bí ó bá fẹ́ kí a gbé òun jáde síta, "Ó tó." Nígbà tí wọ́n wá túfọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Ìrẹ̀lẹ̀ fún un, ó sunkún bí ọmọdé, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ló sì ń fi sunkún. Ohùn inú ọ̀fun tí àwa Ìkálẹ̀ fi ń pe owó ní "eghó", tí ahọ́n àwọn ará Ọ̀yọ́ kì í gbé, kò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, tẹ́lẹ̀, bí ó bá ń bá ìyá mi jà, a máa ń gbọ́ ohùn náà láti ojú títì.

Láàárín àkókò yẹn ni ìjọ ra kíbọ́ọ̀dù àti jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa gbé e. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ dùùrù àtijọ́ yẹn tẹ̀, wọ́n sì gbé dùùrù náà jáde. Ilé wa kò jìnnà sí ilé ìjọsìn. Bí kíbọ́ọ̀dù bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bàbá mi á yí ojú sí ògiri, á sì máa fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì dára gbá orúnkún, pẹ́pẹ́, títí wọ́n á fi parí ìsìn. Ìgbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sọ fún ara mi pé n ó wá ohùn dùùrù rẹ̀ padà fún un.

Mò ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, mo ṣì ń ṣe é, ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí yunifásítì ní Òkìtìpupa, níbi tí a ti ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹnì kan nínú àwọn oníbàárà wa ti fi sọ́fítíwíà kan tí a fi ń ṣẹ̀dá ohùn sílẹ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà. Mo ṣí i lọ́jọ́ kan tí ọjà kò tà. Àwọn àpótí kéékèèké ni mo rí lójú rẹ̀, pẹ̀lú wáyà aláwọ̀ oríṣiríṣi tí ènìyàn lè fà láti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Àpótí kan wà tó jẹ́ pé ó kàn ń ké ni, kò mọ̀ ju igbe lọ. Bí ẹ bá so ó mọ́ èkejì, èyí yóò dà bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ gàrí: yóò dá èyí tó rí ṣákaṣàka nínú ohùn dúró, yóò jẹ́ kí èyí tó kúnná kọjá. Ẹ̀kẹta dà bí ilẹ̀kùn. Òun ló ń sọ bóyá ohùn yóò já wọlé lójijì tàbí yóò rọra yọ́ wọlé, àti bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó kú. Ẹ̀kẹrin kì í dún rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa mi àwọn yòókù, bí ìyá ti ń mi ọmọ tó pọ̀n.

Ohùn tí mo kọ́kọ́ kọ́ dà bí ti ewúrẹ́ tí okùn fún lọ́rùn. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù yọjú láti ìta.

"Kí lò ń pa níbẹ̀?"

"Ẹ má bínú, mà. Dùùrù ni."

"Dùùrù?" Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo ojú mi. "Ta ló sọ fún ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ènìyàn dáadáa ni. Láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó kan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti là, ó ní kí n máa gbé e lọ sílé. Mo ń gba iná sí i ní ṣọ́ọ̀bù kí n tó gun ọ̀kadà lọ sí Igbódìgò. Iná náà kì í lò ju wákàtí méjì lọ. Wákàtí méjì yẹn ni mo ní lójúmọ́, òun ni mo sì ń fojú sọ́nà fún láti àárọ̀.

N kò lè kọ́ ohùn dùùrù bàbá mi láìgbọ́ ọ. Mo lọ bá Alàgbà ìjọ lẹ́yìn ìsìn.

"Bàbá Alàgbà, mo fẹ́ wo dùùrù bàbá mi."

"Dùùrù ìjọ," ni ó tún un ṣe.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó wà lẹ́yìn ilé. Kò sí nínú ààlà mọ́, fọwọ́ kàn án bó o ṣe fẹ́."

Ẹ̀yìn ilé ìjọsìn ni mo ti bá a, lábẹ́ páànù tó ti dógùn-ún. Adìẹ ti yé ẹyin mẹ́ta sí orí ibi ìtẹsẹ̀ rẹ̀. Ikán ti wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ẹ̀yìn. Mo tẹ ohùn kan, kò dún. Àpò tó ń fa afẹ́fẹ́ ti ya, eku sì ti fi ìyókù rẹ̀ ṣe ìtẹ́. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ ìdáná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ahọ́n idẹ pẹlẹbẹ tí ó máa ń gbọ̀n nínú rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ń kọjá. Mo ń nu wọ́n sí ìró mi, mo ń fi ẹnu fọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò fọhùn. Mọ́kànlá péré ló dáhùn. Ìtọ́wò idẹ àti ìdọ̀tí eku wà lẹ́nu mi títí di ọjọ́ kejì.

Mo fẹ́ fi fóònù gba ohùn àwọn mọ́kànlá yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìdákẹ́jẹ́ ní àdúgbò wa. Nítorí pé kò sí iná ọba, jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo ilé ń tàn, àyàfi tiwa. Bí mo bá gba ohùn kan tí mo tún un gbọ́, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á máa kùn lábẹ́ rẹ̀ bí ènìyàn tó ń ráhùn nínú iyàrá kejì. Mo dúró de ọjọ́ òjò. Nígbà tí ó rọ̀ tán ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí oníkálukú kò tíì jáde láti tún jẹnẹrétọ̀ tàn, mo sáré fọn gbogbo wọn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ lè gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti orí páànù nínú èyí tó gbẹ̀yìn.

Oṣù bí mẹ́rin ni mo fi kọ́ ọ. Fún ohùn kọ̀ọ̀kan mo nílò àpótí méjì tó ń ké, kì í ṣe ọ̀kan, nítorí pé ahọ́n méjì-méjì ló wà nínú dùùrù yẹn, èkejì sì máa ń yàtọ̀ sí èkíní díẹ̀, bíi ti tọkọtaya tí wọ́n jọ ń kọrin. Mo kọ́ ọ̀nà tí ohùn ń gbà lọ́ra kí ó tó dún. Mo kọ́ ariwo èémí tó máa ń ṣáájú rẹ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe òun. Ó dúró ṣánṣán bí òpó, kò sí ẹ̀mí nínú rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, orí ọ̀kadà ni mo wà nígbà tí mo rántí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì tí kì í tẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń fi agbára tẹ̀ nítorí èkejì. Ohùn dùùrù wa kò fìgbà kan dúró sójú kan. Ó máa ń kún, ó máa ń rọ̀, ó máa ń kún, bí ẹni tó ń tiro lọ sóko. Gbogbo ayé mi ni mo fi gbọ́ ọ, mo rò pé bí dùùrù ṣe ń dún nìyẹn. Mo délé, mo fa wáyà láti ara àpótí tí kì í dún, mo jẹ́ kí ó mi gbogbo ohùn náà: ìgbésẹ̀ ọ̀tún gùn, ìgbésẹ̀ òsì kúrú. Mo fi bọ́tìnì láptọ́ọ̀pù tẹ orin kan tí bàbá mi fẹ́ràn.

Ìyá mi jáde láti ìdí ààrò pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹja lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló ń tẹ̀ ẹ́?" ni ó béèrè.

Inú mi kò dùn bẹ́ẹ̀ rí, kò sì tíì dùn bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ọjọ́ kejì, ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé láptọ́ọ̀pù náà àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè kékeré kan sí orí àga níwájú bàbá mi. Ìyá mi jókòó sórí ibùsùn. Mo tẹ orin náà. Bàbá mi wo mí, ó wo ẹ̀rọ náà, ó tún wo mí. Nígbà tí mo dé ìlà kẹta, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ náà, ó sì bò ó mọ́lẹ̀.

"Ó tó," ni ó wí.

Mo dáwọ́ dúró. Ìyá mi ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"O gbọ́ ọ? Ó ní ó tó. Ó ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn."

"Màmá, ó ní kí n dákẹ́ ni."

"Èmi ni mo fẹ́ ẹ, kì í ṣe ìwọ. Mo mọ ohun tó sọ."

Mo bi í léèrè fúnra mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Bàbá, ṣé òun nìyẹn? Tó bá jẹ́ òun ni, ẹ di ọwọ́ mi mú. Tí kì í bá ṣe òun, ẹ fi sílẹ̀." Ó di ọwọ́ mi mú. Mo tún bi í léèrè bóyá ó fẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ sí i. Ó tún di ọwọ́ mi mú. Mo tẹ̀ ẹ́, ó sì yí ojú sí ògiri. Mo bi í léèrè bóyá orúkọ mi ni orúkọ ìyá mi. Ó di ọwọ́ mi mú sí ìyẹn náà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti dá ara mi lẹ́bi. Mo sọ fún ara mi pé ohùn náà ni kò pé, pé bí ó bá pé, ojú bàbá mi yóò sọ ọ́. Mo padà sídìí iṣẹ́. Wákàtí méjì tí mo ní lójúmọ́, inú iyàrá kejì ni mo ti ń lò ó, pẹ̀lú íapíìsì létí kí n má bàa yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ń fa wáyà, mo ń já wáyà. Ògiri amọ̀ kan ló wà láàárín èmi àti òun. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ kí n jókòó ti òun ni. Kò ní ọ̀rọ̀ tí ì bá fi sọ ọ́, n kò sì lọ síbẹ̀ kí ó fi ojú sọ ọ́.

Ìgbà ọyẹ́ ni ó kú, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Àwọn ohùn òkè ni mò ń tún ṣe, mo rò pé wọ́n mọ́ jù. Ìgbà tí mo máa mọ̀, ọwọ́ tútù kan bà lé èjìká mi. Mo yọ íapíìsì. Ìyá mi ni. Omi tí ó fi ń wẹ̀ ẹ́ ṣì ń kán ní ìka rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́," ni ó wí.

Mo sáré wọ iyàrá bàbá mi. Ara rẹ̀ ṣì gbóná. Mo béèrè bóyá ó sọ nǹkan kan.

"Ohun tó máa ń sọ náà ló sọ," ni ìyá mi dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹsẹ̀ bàbá mi.

Nígbà ìsìnkú, mo bẹ Alàgbà pé kí wọ́n fi ohùn tí mo kọ́ sin ín. Ó gbà, nítorí pé ọkùnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ni yóò tẹ̀ ẹ́, èmi yóò kàn so wáyà ni. Mo so ó láti ẹ̀yìn ààlà, ọkùnrin náà na ọwọ́ gba orí wáyà lọ́wọ́ mi. Wọ́n kọ ẹsẹ orin kìíní pẹ̀lú rẹ̀. Mo ń wo ojú àwọn èèyàn tí wọ́n ti ń fi dùùrù bàbá mi kọrin láti ìgbà tí a kò tíì bí mi. Mo ń retí kí ẹnì kan gbé orí sókè. Kò sẹ́ni tó gbé orí sókè. Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ kejì, ọkùnrin náà tẹ bọ́tìnì kan, ó padà sí ohùn kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀, orin sì ròkè lọ.

Lẹ́yìn tí a ti ti itẹ́ òkú dé, mo bi ọkùnrin náà léèrè ìdí tó fi yí ohùn náà padà.

"Ẹ má bínú, àǹtí," ni ó wí. "Ohùn yẹn ń mí gúlegúle. Ó ń ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Àwọn èèyàn kò rí i kọrin sí."

Mo bi obìnrin kan tí a jọ máa ń jókòó lẹ́bàá ògiri bóyá ó gbọ́ ẹsẹ kìíní. Ó ní òun gbọ́ ọ. Ó ní òun rò pé kíbọ́ọ̀dù fẹ́ bàjẹ́ ni.

Mo dá láptọ́ọ̀pù náà padà. Mo ti kó iṣẹ́ mi sí orí fláàṣì, mo sì fi í sínú àpò báàgì mi, kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ṣe nǹkan kan. Ó tó ọdún kan kí ìyá mi tó sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó bá mi wá sí Òkìtìpupa lọ́jọ́ náà láti ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì jókòó dè mí ní ṣọ́ọ̀bù.

"Tẹ dùùrù bàbá rẹ fún mi," ni ó wí lójijì.

Kọ̀ǹpútà tuntun ni a ń lò nígbà náà, sọ́fítíwíà náà sì ti di tuntun. Ó ṣí iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ó ní òun kò mọ púpọ̀ nínú àwọn àpótí náà mọ́. Ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ṣófo, àwọn wáyà sì rọ̀ sílẹ̀ láìsí ohun tí wọ́n so mọ́. Mo tẹ ohùn kan. Igbe lásán ló jáde, gbọọrọ, láìdábọ̀.

Ìyá mi tẹ́tí sí i fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé nǹkan mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó ti bàjẹ́, Màmá. N kò mọ̀ bóyá mo lè tún un ṣe."

"Kò burú," ni ó wí. Ó mú ọ̀rá oògùn rẹ̀, ó dìde. "Ṣé a máa rí mọ́tò tó ń lọ báyìí?"

Mo pa kọ̀ǹpútà náà, mo sì sìn ín dé gáréèjì.